Kọ́kọ́rọ́ Kan, Ilẹ̀kùn Mẹ́fà

Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Arámọkọ kò tóbi. Yàrá mẹ́fà ni, mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́ta lọ́wọ́ òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì la àárín wọn kọjá láti ẹnu ọ̀nà iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ilé ìdáná wà. Kòkó ló fi kọ́ ọ. Ọdún tí kòkó bá ṣe dáadáa, ilé á ga sí i. Ọdún tí kò bá ṣe, koríko á hù láàárín ìpìlẹ̀. Ìyá mi kú kí wọ́n tó kan páànù lé e. Nígbà tí a kó wọ ibẹ̀, èmi àti Bàbá nìkan la kù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bá tiwọn lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Bàbá mú yàrá kan níwájú, mo mú èyí tó kọjú sí i, a sì ń kó àpò kòkó sí ọ̀kan. Mẹ́ta tó kù ni Bàbá fi gba ayálégbé.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo sì ń retí ìwé láti Àkúrẹ́ tí yóò sọ ilé ìwé tí màá ti lọ ṣiṣẹ́. Ìwé náà kò tètè dé. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi jókòó sílé, tí mò ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mò ń se oúnjẹ Bàbá, tí mo sì mọ ìrìn ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó ń bá wa gbé.

Awakọ̀ kan wà nínú wọn, tó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Arámọkọ àti Adó. Òṣìṣẹ́ àgírìkì kan wà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń gun alùpùpù lọ sí oko àwọn èèyàn láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fín kòkó. Ẹni kẹta ni obìnrin aránṣọ kan tó wá láti Ìkìrun. Gbogbo ilé ń pè é ní Ìyá Aránṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì bímọ. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, òun kàn kó máṣíìnì òun ni. Yàrá kan ṣoṣo yẹn ló ń sùn sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ. Máṣíìnì wà lẹ́bàá fèrèsé, ibùsùn wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó máa ń fi èdè wa ṣe ẹ̀rín, pé kí ló dé tí a fi ń pe ilé ní ulé, tí a ń pe iṣu ní uṣu. Kò pé ọdún kan tí òun náà fi ń sọ pé òun ń lọ sí ulé.

Èmi àti òun máa ń jókòó pa pọ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo ilé bá ti lọ síbi iṣẹ́. Màá bá a fi abẹ́rẹ́ gbe etí aṣọ, yóò sì máa sọ̀rọ̀ Ìkìrun fún mi. Bó bá ń lọ sí Adó láti ra òwú àti bọ́tìnnì, ọwọ́ mi ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí, kí n lè bá a kó aṣọ tó sá sẹ́yìnkùlé wọlé bí òjò bá ṣú. Ó ti so aṣọ pupa pélébé kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà kó má baà sọnù.

Ọ̀kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Òjò ṣú láti apá Ẹ̀fọ̀n, mo sáré kó aṣọ tirẹ̀, mo kó tèmi náà, mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn mi, mo yí i, mo wọlé. Ìgbà tí mo ju aṣọ sórí ibùsùn ni mo rí i pé aṣọ pupa ló ń fì lọ́wọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ Ìyá Aránṣọ ni mo fi ṣí yàrá ara mi. Mo rò pé mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ni. Mo jáde, mo tì í, mo tún fi kọ́kọ́rọ́ aláṣọ pupa náà ṣí i. Ó ṣí wọ́ọ́rọ́. Mo wá mú tèmi lọ sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó ṣí. Mo lọ sí tàwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń jalè. N kò wọ inú yàrá kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ṣí.

Bí Bàbá ṣe ti oko dé, kó tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo sọ fún un. Ó ní ní Ìléṣà ni òun ti ra kọ́kọ́rọ́ náà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú páálí kan ṣoṣo, ẹni tó tà á fún òun sì ní ojúlówó ni. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ni mo sọ fún. Mo ní n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

“Má sọ,” ó wí. “Bí o bá sọ ọ́ lónìí, gbogbo ìlú ló máa mọ̀ lọ́la. Ẹnu ló máa ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́.”

Ó ní bí a bá ti ta kòkó, òun yóò pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ń yẹ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà pọ̀ jù. Kòkó dúdú lórí igi, ó ń já bọ́. Ọkùnrin àgírìkì náà wá wò ó, ó mi orí. Ìgbà tí a ṣa èyí tó kù, kò tó nǹkan. Bàbá kò mẹ́nu ba kọ́kọ́rọ́ mọ́, èmi náà kò sì rán an létí, torí mo ń rí bí ó ṣe ń fọwọ́ lẹ́rán jókòó níwájú ilé nírọ̀lẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé láti ìgbà tí a ti wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sọnù rí.

Ọjọ́ ìkórè ìjọ wa ni wọ́n jà wá lólè. Mùsùlùmí ni Ìyá Aránṣọ, kò ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa lọ. Òun ló rán aṣọ funfun tuntun tí àwọn akọrin wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kó rí i lára wọn. Ó kọ́kọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ òun pọ̀, ọdún Kérésì ti ń sún mọ́lé. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí etí ìró rẹ̀, ó tẹ̀ lé wa. Awakọ̀ ti kó èrò lọ sí Adó, ọkùnrin àgírìkì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi tiwa. Ilé ṣófo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

A dé, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wọlé. N kò gbọ́ igbe. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ tí kò jáde ni mo lọ yọjú, mo bá a lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ máṣíìnì. Ẹsẹ̀ onírin nìkan ló kù. Wọ́n ti yọ orí máṣíìnì lọ. Gbogbo aṣọ oníbàárà tó wà nínú àpò ńlá méjì, àti èyí tó ti rán tó fi kọ́ sára ògiri, kò sí ọ̀kankan mọ́. Wọ́n kò fọwọ́ kan abọ́ rẹ̀ tàbí aṣọ ara rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò dé. Ọkùnrin àgírìkì wo fèrèsé, ó ní ó wà ní títì láti inú. Awakọ̀, tó dé lẹ́yìn wa, fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ilẹ̀kùn yìí ò fọ́ o.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo rí i bí ojú àwọn èèyàn ṣe yí láti ara ilẹ̀kùn lọ sára obìnrin náà.

Ọlọ́pàá kan tó ti dàgbà díẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ó wo gbogbo rẹ̀, ó bi Ìyá Aránṣọ pé kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà. Obìnrin náà ní ọ̀kan ni. Ó bi í pé ọwọ́ ta ló wà lánàá. Ó ní ọwọ́ òun.

“Ìyá, ilẹ̀kùn yín ò fọ́, fèrèsé yín wà ní títì, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà,” ọlọ́pàá náà wí. “Ta lẹ fẹ́ kí n lọ mú?”

Mo wo Bàbá. Fìlà ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo dúró tì í, mo ń retí kó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu tèmi náà bí omi gbígbóná. N kò lè gbé e mì, n kò lè tu ú. Wọ́n ní kí obìnrin náà bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá láti kọ ohun tó mọ̀. Bàbá tẹ̀ lé wọn, ó dúró fún un, wọ́n sì jẹ́ kó padà wá sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n gbogbo Arámọkọ ti rí i tí òun àti ọlọ́pàá jọ ń rìn lójú títì.

Láti ọjọ́ kẹta ni àwọn tó ni aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn kan bú u. Àwọn kan ní ó ti tà á ní Ìléṣà, pé àlejò ni, ta ló mọ ilé bàbá rẹ̀. Èyí tó ń pariwo kò dùn mí tó obìnrin kan láti Erìjìyàn. Ìyá rẹ̀ ló kú, wọ́n fẹ́ sin ín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ òfì tí ìyá náà fi ṣe ìyàwó ló gbé wá pé kí Ìyá Aránṣọ tún un rán fún òun, kí òun lè wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò bú ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ ni yóò wọ ọkọ̀ láti Erìjìyàn, yóò kí gbogbo ilé, yóò sì jókòó sórí àga pákó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí. Mo gbé omi fún un, ó mu. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun jẹ ẹ̀pà lọ́nà. Lọ́jọ́ kejì yóò tún dé.

Mo lọ bá Bàbá nínú yàrá. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí a sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ò le.

“Bí mo bá sọ pé gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé yìí ló ń ṣí ara wọn, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú? Àwa ni a nílé. Ìwọ lo ń bá a tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ṣé kí wọ́n pè ọ́ lólè kí ìwé iṣẹ́ rẹ tó dé?”

Mo dìde, mo jáde.

Ṣùgbọ́n n kò lè jókòó ti Ìyá Aránṣọ mọ́ kí n máa wo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná, mo lọ lóṣòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òjò ọjọ́ yẹn dé orí ohun tí Bàbá wí. Ó ń fọ abọ́ lọ. Ó fi omi ṣan èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

“Mo ti mọ̀,” ó wí.

Ó ní kò tíì ju oṣù méjì lọ tí òun dé ilé wa tí òun ṣèèṣì ti kọ́kọ́rọ́ òun bọ ilẹ̀kùn ọkùnrin àgírìkì, tí ó sì ṣí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó wò mí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe.

“Àlejò ni mí, àbúrò mi. Bí mo bá sọ pé kọ́kọ́rọ́ mi ń ṣí yàrá ẹlòmíràn, wọn á ní kí ni mo lọ wá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, wọn á ní mo ti mọ̀ tipẹ́, mo sì lò ó.” Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. “Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò ní padà sí mi lọ́rùn.”

Mo sunkún. Òun kò sunkún.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, obìnrin Erìjìyàn tún dé. Bàbá kí i bó ti ń kọjá. Obìnrin náà dìde fún un, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ nílé. Kí ni ọkàn yín sọ pé ó ṣẹlẹ̀?” Bàbá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá pè mí pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ mi wá.

Gbogbo ayálégbé wà nílé lọ́sàn-án yẹn. Ó pè wọ́n jáde, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó ṣí yàrá tirẹ̀, ó ṣí yàrá kòkó, ó ṣí ti awakọ̀, ó ṣí ti ọkùnrin àgírìkì, ó ṣí ti Ìyá Aránṣọ. Ó pẹ́ lórí èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí wọn, ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà òjò, òun ni òun sì ní kí ọmọ òun má sọ.

Mo ń wo ojú wọn. Ẹnu kò ya ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ọkùnrin àgírìkì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Nígbà náà ló yé mi pé gbogbo wa la ti mọ̀. Olúkúlùkù ti ṣèèṣì mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tirẹ̀, ó sì pa á mọ́, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ yóò dì mọ́.

Obìnrin Erìjìyàn ló fọhùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. Ṣé òtítọ́ yìí á mú aṣọ ìyá mi wá?” Ó ká gèlè rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá mọ́.

Bàbá lọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo bá a lọ. Ọlọ́pàá náà gbọ́ ọ dé òpin. Kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wá le sí i ni, pé tẹ́lẹ̀ ẹnì kan ló ní kọ́kọ́rọ́, ní báyìí gbogbo ilé ló ní in, títí kan onílé àti ọmọ onílé, àti ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé níbẹ̀ rí. Ó ní kí a máa lọ, bí òun bá gbọ́ nǹkan, òun yóò ránṣẹ́. Kò ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó fi kòkó ọdún tó ń bọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó. Ó lọ sí Adó, ó ra kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Káfíńtà tú àwọn ti àtijọ́, ó kan tuntun. Jórinjórin wá fi irin sí ojú gbogbo fèrèsé, ó sì ṣe ilẹ̀kùn onírin sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ káàkiri ní ojú gbogbo wa, ó ń dán an wò nínú gbogbo ilẹ̀kùn kí a rí i pé kò ṣí ju ọ̀kan lọ. Awakọ̀ ra àgádágodo lé e síbẹ̀síbẹ̀. Ọkùnrin àgírìkì náà ra tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí òjò bá ṣú, aṣọ olúkúlùkù á wà níta títí yóò fi rẹ.

Ìyá Aránṣọ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn lójú ọ̀nà ọjà, ó ń fi èyí tó ń rí níbẹ̀ tu àwọn oníbàárà rẹ̀ lójú díẹ̀díẹ̀. Kí ọyẹ́ tó tán, ó ní òun ń padà sí Ìkìrun. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, ó ní yóò gbé láìsan owó ilé, ó na kọ́kọ́rọ́ tuntun sí i. Obìnrin náà kúnlẹ̀ gbà á, ó tún fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Ilé yín ti dára báyìí. Kò kàn sí ohun tí mo fẹ́ tì mọ́ inú rẹ̀ ni.”

Mo bá a ru ẹsẹ̀ máṣíìnì dé ibùdókọ̀. Ó ní kí n má bá òun dúró kí ọkọ̀ tó gbéra, oòrùn ti ń mú. Mo dúró. Ó bi mí nípa ìwé iṣẹ́ mi, mo ní kò tíì dé. Ó ní yóò dé.

Ó dé lóòótọ́, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n rán mi lọ sí Ìkògòsì. Láti ibẹ̀ ni mo ti kọ lẹ́tà sí i, mo fi rán awakọ̀ kan tí ń ná Ìkìrun. Ó mú un padà, ó ní òun kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní àdúgbò tí mo dárúkọ. Mo tún kọ òmíràn, ìyẹn kò padà, èsì rẹ̀ náà kò sì wá. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ sílé, Bàbá á bi mí bóyá obìnrin náà ti dáhùn. Ó bi mí títí ó fi kú.

A kò mọ ẹni tó jí ẹrù náà. Mo ti rò ó sí awakọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà, mo sì rántí pé kì í ṣe òun ló yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rò ó sí ọkùnrin àgírìkì, tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan tó sì pẹ́ kó tó padà. Mo ti rò ó sí ayálégbé kan tó kó jáde ṣáájú kí Ìyá Aránṣọ tó dé, tí n kò tilẹ̀ rántí ojú rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún kan tí ara mi kò yá, tí oorun kò kùn mí, mo rò ó sí bàbá mi pàápàá, ẹni tí kòkó rẹ̀ bàjẹ́ lórí igi, tó sì wà pẹ̀lú wa nínú ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo ti rò ó ná.